Kílẹówí

Nígbà tí olè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ lóru,
tó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ bí ẹni ń fini ṣẹ̀sín,
ọkọ mi ní ajá la ó rà.
Kì í ṣe ajá oko o. Ajá bùtíkì.
Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni Ṣàbí:
bó bá ti ní báyìí, báyìí náà ni.

Bùtíkì ọ̀hún wà lẹ́yìn ọjà Wàńdó,
láàárín ẹni tó ń ta táyà àti ẹni tó ń gẹrun.
Ẹja wínníwínní nínú dígí, odídẹrẹ́ kan tó ti pá lórí,
ọmọ ajá mẹ́rin nínú àgò wáyà,
wọ́n gorí ara wọn bí iṣu inú apẹ̀rẹ̀.
"Bẹ́rìjé gidi ni," ọlọ́jà wí,
"bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ ilé òyìnbó ní Kútọnú.
Ó ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta. Ẹ wo káánẹ̀ rẹ̀."
Mo wo káánẹ̀. Òǹtẹ̀ pupa wà níbẹ̀,
ó ṣì tutù, ó kùn mí ní àtàǹpàkò.
Mo dákẹ́.
Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún sẹ́fà ti kúrò lápò wa.

Ṣàbí sọ ọ́ ní Kílẹówí.
Kítọ́yì, alámùúlégbè wa, ló ń fi orúkọ náà bá wí,
ẹni tó ní ẹni tí kò tíì san owó iná
ń ra ẹnu mìíràn wálé.
Ṣùgbọ́n Kílẹówí fúnra rẹ̀
kò wí nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó bì, ó ṣu ẹ̀jẹ̀.
Ṣíbí tíì ni mo fi ń bu omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i lẹ́nu
bí mo ti ṣe fún Kíláríìsì lọ́dún tí ìgbẹ́ gbuuru jà.
Dókítà ẹran dé láti Àjàrá, ó wo káánẹ̀, ó rẹ́rìn-ín,
kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀:
"Ìyá, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó tíì rí
ni èyí tí ẹ fi ń ránṣọ."
Obìnrin kan ní Jásìn ló ra ìkejì rẹ̀.
Ọjọ́ kẹta ló kú. Ó sin ín sídìí ìbẹ́pẹ,
títí dòní kò sọ iye tó rà á fún ọkọ rẹ̀.
Tiwa kò kú. N kò mọ ìdí.

Ó dìde, ó lá ẹ̀kọ. Etí kan nà, èkejì sùn.
Wọ́n ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ní í pa ọ̀bọ;
odidi agboolé ló wà lẹ́yìn tiwa,
alángbá ló ń sá fún.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí:
àgbàlá wa fẹ̀, Ṣàbí tún ro ó nítorí ajá.
Láràárọ̀, Kílẹówí yóò jáde, yóò dúró lójú kan,
yóò yí po, yóò yí po,
ìṣísẹ̀ méjì síbí, ìṣísẹ̀ méjì sọ́hùn-ún,
yóò sì ṣẹ́rí padà níbi tó yẹ kí wáyà wà.
Kò sí wáyà níbẹ̀.
Afẹ́fẹ́ ọ̀sà nìkan ló ń kọjá.
Mo fi téèpù wọn ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn:
kò pé mítà kan.
Ajá la rò pé a rà.
Àgò tẹ̀ lé e wá, ọlọ́jà kò kà á mówó.

Lóṣù tó kọjá, mo gba Wàńdó kọjá.
Mo ti to èébú sílẹ̀ láti ọjọ́ ti Jásìn.
"Ìyá, ṣé ti ọjọ́sí ń gbó dáadáa?"
Ọmọ ajá kan yọ ahọ́n láàárín wáyà,
ó lá àtàǹpàkò mi, èyí tó gba òǹtẹ̀ lọ́jọ́sí.
Mo ní, "Ó ń gbó."

Lánàá òjò ń rọ̀, ó wọ abẹ́ ẹ̀rọ tuntun mi,
ó fi imú ti ibi ìtẹ̀sẹ̀, ẹ̀rọ yí lẹ́ẹ̀kan, kírríí!
Jìnnìjìnnì bò ó.
Ó gbó. Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Kítọ́yì na ọrùn lórí ògiri nínú òjò:
"Kí ló wí?"